Jọ̀wọ́, Ṣí Fèrèsé Yàrá Yínká

Ìjàn-Èkìtì,
Ọjọ́rú, nínú oṣù Ẹrẹ́nà.

Fúnmiláyọ̀, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Ẹ kú ooru o, ìwọ, Káyọ̀dé ọkọ rẹ, àti Yínká, àlejò kékeré tó dé bá yín. Ooru ọdún yìí kì í ṣe kékeré. Abẹ́ igi ọsàn ẹ̀yìnkùlé ni mo jókòó sí tí mo ń kọ ìwé yìí, mo ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú bàsíà omi. Ìyá rẹ ti kọjá lẹ́ẹ̀mejì, ó ń fi mí rẹ́rìn-ín pé tísà àgbà ti di pẹ́pẹ́yẹ. Jẹ́ kó máa rẹ́rìn-ín. Òun náà á gba bàsíà yìí lọ́wọ́ mi tó bá di ọ̀sán.

Mo mọ̀ pé wàá máa bi ara rẹ pé, Ìjàn sí Adó, ọkọ̀ ń lọ ọkọ̀ ń bọ̀, kí ló dé tí bàbá mi fi jókòó tó ń kọ lẹ́tà gígùn? Ǹ bá fi orúnkún mi ṣe àwáwí, àmọ́ irọ́ ni. Orúnkún yìí náà ló gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, òun náà ló gbé mi padà. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mo fẹ́ fi ẹnu sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọ lọ́jọ́ náà, ẹnu mi kọ̀. Ó wá ku bírò.

Lọ́jọ́ Sátidé ni ìyá rẹ ń bọ̀ wá gba iṣẹ́ ìwẹ̀ ọmọ lọ́wọ́ ìyá ọkọ rẹ. Mo fẹ́ kí ìwé yìí ṣáájú rẹ̀ dé. Dẹ́rẹ́bà tó máa ń kó iṣu lọ sí Ọjà Ọba ni n ó fi rán sí ọ. Ohun kan ni mo bẹ̀ ọ́: bí o bá kà á tán, ká a, kí o fi pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ rẹ. Má kà á sí ìyá rẹ létí.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ náà. Lẹ́yìn tí a ti tọ́ oyin àti iyọ̀ wò, tí àwọn èrò ti dojú kọ oúnjẹ, mo yọ́ wọ inú yàrá kí n lè wo ọmọ-ọmọ mi dáadáa. Fèrèsé méjèèjì wà ní títì pa. Ìkòkò ẹ̀yinná kan wà ní kọ̀rọ̀. Páànù ń dún pá, pá, pá lókè orí wa bí oòrùn ṣe ń ta sí i. Súwẹ́tà wúùlù wà lọ́rùn Yínká, fìlà wúùlù wà lórí rẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ wà lẹ́sẹ̀, ẹ tún wá fi ṣọ́ọ̀lù wé e lé gbogbo rẹ̀ lórí. Òógùn ń sàn lójú ìwọ alára bí ẹni tó ń gúnyán. Mo ki ìka mi bọ ọmọ náà lẹ́yìn ọrùn, ó tutù rinrin fún òógùn. O rẹ́rìn-ín sí mi, o ní, “Bàbá, ẹ wo bó ṣe ń sùn.”

Mo ní, “Ó ń sùn dáadáa.” Mo sì jáde.

Ọkọ rẹ bá mi lẹ́yìnkùlé níbi tí mo dúró sí, tí mò ń ṣe bí ẹni tó ń wo gọ́tà. Ó ní, “Bàbá, ṣé kò sí o?” Mo ní, “Ooru ni, ọmọ mi.” Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo wà lọ́jà lọ́jọ́ yẹn, orí ọmọ tuntun wọ́ níṣojú mi, mo sì ń wo gọ́tà. Láti ìgbà náà, mi ò gbádùn oúnjẹ.

Nítorí náà, èkíní nìyí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí o máa kà tán kí o tó ṣe é. Gbé ìwé yìí sílẹ̀ ná. Lọ ṣí fèrèsé méjèèjì, kì í ṣe ọ̀kan. Atẹ́gùn dà bí àlejò tó mọ ìwà hù, bí kò bá rí ibi tó máa gbà jáde, kò ní wọlé. Gbé ìkòkò iná yẹn síta. Bọ́ wúùlù kúrò lọ́rùn ọmọ náà, bọ́ fìlà, bọ́ ìbọ̀sẹ̀. Aṣọ òwú fẹ́lẹ́ kan ṣoṣo ti tó o lọ́sàn-án. Fún un lọ́mú, kí ìwọ náà sì mu omi ife méjì. Máa lọ, n ó dúró dè ọ́.

Ṣé o ti ṣe é? O káre, Àbẹ̀kẹ́. Wá jókòó.

Èkejì, ọ̀rọ̀ òrùlé. Èmi tí mò ń pariwo ooru yìí, agbéraga ni mí nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ àwọn tísà, wọ́n sì dá mi padà sí ìlú mi láti máa kọ́ni nílé ìwé ìjọ. Ṣòkòtò péńpé kákí tí a lọ̀ tó le gbandi, kẹ̀kẹ́ tó ń dán gbinrin, ìwọ sọ pé kí orí mi má wú! Ilé bàbá mi la ń gbé, ilé alámọ̀ tí a fi ewé gbòdògì bò. Ògiri rẹ̀ nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Bí oòrùn ṣe wù kó ta tó lóde, bí o bá ti wọ ibẹ̀, ara rẹ á balẹ̀. Àmọ́ ojú ń tì mí. Odindi tísà, lábẹ́ ewé! Nígbà tí mo fẹ́ ìyá rẹ tó sì lóyún, mo ní ọmọ tèmi kò ní sùn lábẹ́ ohun tí alángbá ń sá lé lórí. Mo kọ́ yàrá méjì sí ẹ̀gbẹ́ ilé bàbá mi, mo fi páànù bò ó. Bí mo bá ń ti oko bọ̀, láti òkèèrè ni mo ti ń rí i tó ń kọ mànà, n ó wá máa rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà bíi wèrè.

Agbára mi kò ká àjà. Páànù lókè, igi òrùlé lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn náà ni gbogbo rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, olórí ilé ìwé wa bi mí, “Tísà, ṣé o ti kan àjà sí i?” Ẹnu mi yá ju ọpọlọ mi lọ. “A ti kàn án, sà.” Irọ́ pọ́ńbélé! Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń ti fèrèsé ilé mi, kí ẹni tó ń kọjá má baà yọjú kó rí igi òrùlé lásán.

Sọ fún Káyọ̀dé pé mo kí i, pé ọkọ rere ni, mo sì mọ̀ ọ́n sí rere. Kó kan àjà sí yàrá yẹn kó tó ra àga onítìmùtìmù tó ń sọ. Bí kò bá tíì lè ṣe é, kó ta ẹní sábẹ́ igi òrùlé, ẹní lásán ń gba ooru dúró ju bí ó ṣe rò lọ. Kó gé imọ̀ ọ̀pẹ tútù, kó tò ó sórí páànù, kó fi òkúta tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kí ìjì má gbé e lọ. Àwọn ará àdúgbò máa fi í rẹ́rìn-ín. Wọ́n á ní ọ̀gá ọ́fíìsì tún ti padà sí ahéré. Kó bá wọn rẹ́rìn-ín, kó sì wọlé lọ sùn. “Kí ni aráyé á wí” ti ba ilé jẹ́ ju ìjì lọ.

Mo mọ̀ pé ẹ ní fáànù. Fáànù dára. Àmọ́ bí páànù bá ti yan yàrá bí àgbàdo, ooru náà ni fáànù máa máa gbé kiri inú yàrá, bí iná bá sì lọ ńkọ́?

Ìyá rẹ ń pè mí wá jẹun. N ó bá ọ sọ ìyókù lọ́la. Ìyókù ló le.

Ọjọ́bọ̀.

Mo ti kọ ìlà mẹ́ta, mo sì pa wọ́n rẹ́. Jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí: Fúnmi, ìwọ kọ́ ni àkọ́bí wa.

Ọmọbìnrin kan ṣáájú rẹ. Inú ẹ̀ẹ̀rùn bí irú èyí la bí i. O kò gbọ́ ọ rí nítorí a kì í dárúkọ ọmọ tó bá lọ, àwọn àgbà ní kí a má dá ọgbẹ́ ìyá sílẹ̀. Ó wù mí kó jẹ́ pé ìdí tí èmi fi dákẹ́ nìyẹn.

Yèyé, ìyá mi, ló ń tọ́jú ìyá rẹ nígbà náà. Obìnrin rere ni, ohun tí wọ́n ṣe fún òun náà ló ń ṣe: iná nínú yàrá, omi gbígbóná, aṣọ lórí aṣọ, ilẹ̀kùn pípadé kí atẹ́gùn má wọ inú ọmọ. Má bínú sí Yèyé, má sì bínú sí ìyá ọkọ rẹ. Abẹ́ ewé gbòdògì ni àṣà yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ilé tútù ni. Ọmọ tuntun lè gbọ̀n níbẹ̀ lójú oorun, kódà nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Èmi ni mo gbé páànù lé àṣà náà lórí, tí n kò yí ohun kan padà nísàlẹ̀.

Ọmọ náà kò tíì pé ọ̀sẹ̀ méjì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń múra ilé ìwé, ìyá rẹ ní, “Bàbá ọmọ, ulé yìí gbóná jù. Ẹ jẹ́ ká gbé ọmọ lọ sí ulé Bàbá.” Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ni láti ẹnu ọ̀nà wa dé abẹ́ ewé yẹn. Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá! Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, “Kí n kọ́ ilé páànù tán, kí ìyàwó mi tún máa sá padà sábẹ́ ewé? Kí ni kí n sọ fáráyé?” Mo gun kẹ̀kẹ́ mi.

Ǹjẹ́ o mọ ohun tí mo kọ́ àwọn ọmọ lọ́jọ́ náà? Ìmọ́tótó. Mo mú pàṣán lọ́wọ́, mo ní kí wọ́n máa ké e tẹ̀lé mi, “Ṣí fèrèsé, jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé.” Gbogbo kíláàsì ń ké e, ohùn wọn ń dé ojú ọ̀nà. Inú mi dùn sí ara mi.

Nígbà tí mo dé lọ́sàn-án, fèrèsé yàrá wà ní ṣíṣí. Ìyá rẹ ló yọ́ ṣí i nígbà tí Yèyé lọ sódò, òun fúnra rẹ̀ wá lọ wẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ọmọ náà wà lórí ibùsùn nínú gbogbo aṣọ yẹn, ojú rẹ̀ pọ́n. Mo fọwọ́ kàn án níwájú orí. Ó gbóná. Ibi tí mo dúró sí ni mo ti gbọ́ ohùn àwọn obìnrin tó ń ti ọjà bọ̀, ìyàwó olórí ilé ìwé wà láàárín wọn, mo mọ ẹ̀rín rẹ̀. Mo gbójú sókè, mo rí igi òrùlé mi lásán. Mo ti fèrèsé náà. Mo fi ìkọ́ kọ́ ọ, mo sì jáde lọ kí wọn pé ẹ kú ọjà.

Kí agogo ìrọ̀lẹ́ tó dún ní ṣọ́ọ̀ṣì, gìrì ti mú ọmọ náà. Gbogbo ohun tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ṣe. Ó lọ.

Yèyé ti rí fèrèsé náà ní ṣíṣí láti ọ̀nà odò. Ó ń bèèrè, ó ń lu àyà, “Ta ló ṣí fèrèsé? Ta ló jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé?” Ìyá rẹ fi omijé dáhùn pé, “Èmi ni, Yèyé. Ooru ló mú mi.” Bí wọ́n ṣe pariwo lé e lórí nìyẹn. “Háà! O fi ọwọ́ ara rẹ pa ọmọ!” Ọmọ ogún ọdún ni ìyá rẹ nígbà náà, wàrà ṣì ń kán lọ́mú rẹ̀. Mo dúró síbẹ̀. Mo mọ̀ pé fèrèsé tó ṣí kò wà ní ṣíṣí tó ìgbà tí a fi ń jẹ iṣu tán. Mo mọ̀ pé èmi ni mo tì í, kì í ṣe Yèyé bí ìyá rẹ ṣe rò. Mo mọ bí yàrá yẹn ṣe gbóná tó. Fúnmi, n kò sọ nǹkan kan.

Jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ díẹ̀, kí n sọ ti omi.

Ẹ má gbójú lé fíríìjì nìkan. Ra àmù ńlá kan ní Ọjà Ọba, kí o kan ìdí rẹ̀ wò kó má là. Bu yanrìn sí kọ̀rọ̀ tí oòrùn kì í dé, fi omi rin yanrìn náà láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, kí o gbé àmù lé e. Omi inú rẹ̀ á tutù láìdun ọ́ léyín. Abiyamọ gbọ́dọ̀ máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́, inú omi ni wàrà ti ń wá. Bí oòrùn bá kan àtàrí, wọ́n omi sí ilẹ̀ simẹ́ńtì, jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. Fèrèsé tí oòrùn ọ̀sán ń wọ̀ gangan, ta ìró tútù sí i lójú, kí o fi ti òdìkejì sílẹ̀ ní ṣíṣí. Gbé sítóòfù kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kí ẹ máa dáná níta kí oòrùn tó gòkè. Ẹ sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì ìgbéyàwó yẹn, ilẹ̀ kò bu iyì ẹnikẹ́ni kù, ẹ tẹ́ ẹní kí ẹ sùn sí i. Kí omi ìwẹ̀ ọmọ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kó má gbóná. Bí kókó wẹ́wẹ́ pupa bá yọ sí i lọ́rùn, ooru ló ń bá a sọ̀rọ̀ yẹn, tú aṣọ rẹ̀, fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí i jẹ́jẹ́. Bí ara rẹ̀ bá gbóná tí kò mu ọmú, má dúró gbọ́ ìmọ̀ràn ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ tèmi. Gbé e, ó di ọsibítù.

Ó dáa. Jẹ́ kí n padà sí ọ̀rọ̀ mi.

Nígbà tí o fi máa dé, mo ti kan àjà. Gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ìgbà tí o wà ní ìkókó, abẹ́ ewé, ní ilé bàbá mi, ni mo máa ń gbé ọ lọ. Mo ń sọ fún ìyá rẹ pé Bàbá fẹ́ máa rí ọ. Ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ ni. Mo ń tún un ṣe láì jẹ́wọ́, mo sì rò pé ìyẹn ti tó. Àmọ́ ìyá rẹ kò ṣí fèrèsé yàrá rẹ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà di òní. Ẹ̀yin ọmọ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé òtútù ń mú Màámi nínú oṣù Ẹrẹ́nà. Èmi náà a bá yín rẹ́rìn-ín. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Ó tún ku ọ̀kan. Nígbà tí o wà ní bí ọmọ ọdún méje, nọ́ọ̀sì òyìnbó kan wá bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ nílé ìwé wa, wọ́n ní kí èmi máa túmọ̀. Ìyá rẹ jókòó sí ìlà iwájú, ó wé gèlè búlúù, inú rẹ̀ ń dùn pé ọkọ òun ló ń gbọ́ èdè òyìnbó. Nọ́ọ̀sì sọ ti omi sísè, mo túmọ̀ rẹ̀. Ó sọ ti ẹ̀fọn, mo túmọ̀ rẹ̀. Ó wá ní ọmọ tuntun kò lè bọ́ aṣọ fúnra rẹ̀, pé bí a bá dì í pa nínú yàrá gbígbóná tí a ti pa dé, ooru yẹn lè mú gìrì wá, ó sì lè pa á. Gbogbo wọn ń wò mí lẹ́nu. Mo wo gèlè búlúù yẹn. Mo ní, “Ó ní kí ẹ máa fọ aṣọ ọmọ dáadáa.”

Mo gbé gbólóhùn kan ṣoṣo mì, Fúnmi. Òun ni ìyá rẹ nílò jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà. Mi ò lè búra pé ooru nìkan ló mú ọmọ wa lọ, èmi kì í ṣe dókítà. Àmọ́ mo mọ̀ pé kì í ṣe fèrèsé tí ìyá rẹ ṣí.

Ìdí rèé tí mo fi ń bẹ̀rù Sátidé. Bí ìyá rẹ bá dé, ó máa ti fèrèsé wọ̀nyẹn pa. Ìfẹ́ ló máa fi tì wọ́n. Má bá a jà. Má bá ìyá ọkọ rẹ náà jà, kúnlẹ̀ dáadáa, kí o dá gbogbo rẹ̀ lé mi lórí. Sọ pé, “Bàbá mi ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ wọ́n, olóríkunkun ni wọ́n.” Orúkọ burúkú yẹn kò ní pa mí lára, ó ti pẹ́ tó yẹ kí n ti jẹ ẹ́.

Ìwọ àti ọkọ rẹ, ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nínú ọ̀rọ̀ yìí kò pọ̀. Bí ẹnì kan nínú yín bá sọ pé ooru ń mú òun, kí ẹnì kejì má sọ fún un pé kò mú. Kó dìde, kó wá nǹkan ṣe sí i.

Ọjọ́ Ẹtì.

Mi ò tíì fún dẹ́rẹ́bà ní ìwé yìí. Mo jí láàárọ̀, mo bá ìyá rẹ níbi tó ti ń di ẹrù: ìrẹsì Ìgbẹ́mọ, ẹja gbígbẹ, ọṣẹ dúdú. Lórí gbogbo rẹ̀ ni ó tẹ́ ṣọ́ọ̀lù wúùlù ńlá kan sí. Mo ní, “Nínú ooru yìí?” Kò wo ojú mi. Ó ní, “Èmi fúnra mi ni n ó máa ti fèrèsé ulé yẹn. Ohun tí mo fi ọwọ́ mi ṣe nígbà kan, kò ní ṣẹlẹ̀ sí ọmọ Fúnmi.”

Fúnmi, ó ti tó ọgbọ̀n ọdún tí a ti wà papọ̀ lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, kò fẹnu bà á rí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ò tilẹ̀ sáré, ó jókòó sínú ilé pẹ̀lú mi tó ń jẹun. Ibi tí mo kọ sí lókè pé kí o má kà á sí ìyá rẹ létí, pa á rẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jókòó sábẹ́ igi ọsàn. Ó gbé ẹ̀gúsí tó fẹ́ bó dání, ó ní kí n má fi àkókò òun ṣòfò. Mo kà á fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, mi ò gbé gbólóhùn kankan mì.

Ó ń bó ẹ̀gúsí. Ó rẹ́rìn-ín níbi tí mo ti dárúkọ pẹ́pẹ́yẹ. Níbi tí mo ti fi ìkọ́ kọ́ fèrèsé, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Nígbà tí mo dé ọ̀rọ̀ gèlè búlúù, ó gbé àwo náà sílẹ̀. Mo kà á dé òpin. Mo dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, pẹ̀lú orúnkún mi yìí, nínú èèpo ẹ̀gúsí. Mo ní, “Ìwọ kọ́. Èmi ni.”

Ó ní, “Lójoojúmọ́ ni mò ń bẹ ọmọ yẹn kó dárí jì mí.” Ó dìde, ó wọlé. Mo gbọ́ tó ń sunkún, mi ò sì láyà láti tẹ̀ lé e. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti wú, ṣọ́ọ̀lù yẹn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó jù ú sórí ẹsẹ̀ mi. Ó ní, “Èyí kò lọ sí Adó mọ́.” Kò sọ pé òun ti dárí jì mí. Mi ò bi í. Ẹni tó bá jẹ gbèsè báyìí kì í yan ọjọ́ fún olówó.

Ó wá nawọ́ sí ìwé yìí. Ó ní, “Gbogbo gígùn rẹ̀ yìí, ẹ kò dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.”

Mo ní ẹnu mi ni kò gbà á.

Ó ní, “Bírò ni, kì í ṣe ẹnu. Ẹ kọ orúkọ ọmọ mi síbẹ̀, Bàbá Bọ́lá.”

Ọjọ́ díẹ̀ péré ni ẹnikẹ́ni fi pè mí bẹ́ẹ̀ rí láyé mi.

Mobọ́láńlé ni orúkọ rẹ̀, Fúnmi. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Páànù ni mo wò.

Ìyá rẹ fúnra rẹ̀ ló ń mú ìwé yìí bọ̀. Bó bá ní kí o tún un kà fún òun, kà á, kí o sì rọra kà á. Kí fèrèsé wà ní ṣíṣí bí o bá ń kà á.

Èmi ni,
Bàbá Bọ́lá, bàbá rẹ.